Ohun Tí Ìyá Ọkọ Kò Dúró Gbọ́

"Wọ́n ní ó ní kó má…"

"Kó má kí ni?"

"Kó má bímọ mọ́ láéláé. Ìyá Dókítà fúnra rẹ̀ ni o. Aránṣọ yẹn, tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun…"

"Háà! Wọ́n tiẹ̀ ní iye ilé ọmọ tó ti yọ lọ́dún yìí…"

"Má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ẹnu mi kọ́ lo ti gbọ́ ọ."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ti ẹnu kan bọ́ sí òmíràn, ó ń sanra bó ṣe ń rìn. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ fi máa dé, bẹ́ǹṣì mẹ́rin tí àwọn obìnrin máa ń há ara wọn mọ́ nínú gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn ti ṣófo. Ìyá arúgbó kan péré ló wá, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì wá gbà. Ó ní ọjọ́ orí òun ti kọjá ohun tí wọ́n ń yọ.

Ìyá Dókítà, bí àdúgbò ṣe ń pe dókítà obìnrin náà, wo àwọn bẹ́ǹṣì. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń ya Ọjọ́bọ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin àdúgbò, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti fi ọwọ́ gba ọmọ, ó ti fi ọwọ́ kan náà gba ọmọ tí ọmọ náà bí.

"Ẹ kúkú sọ òtítọ́ fún wọn, mà," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Ta ni kí n sọ ọ̀rọ̀ aránṣọ fún?"

"Gbogbo ayé!"

"Ìyẹn gan-an ni mi ò lè ṣe. Ohun tí a bá sọ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, aláìsàn ló ni ín. Òun nìkan ló lè gbé e jáde."

Ó ṣí fáìlì aránṣọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fẹ́ yọ kókó inú ilé ọmọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára rẹ̀ lóṣooṣù ti sọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di funfun bí òwú. Bí kò bá wá, kò dájú pé yóò rí oṣù mẹ́ta sí i.

Ibi tó ti ń ka ìwé ni ìyá ọkọ aránṣọ ti já wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ìyàwó mi ò ní í wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun o! Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Ẹ ò ní í fi ọ̀bẹ pa ìran mi rẹ́!"

"Ẹ jókòó, Màámi."

"N ò jókòó! Ṣebí orí bẹ́ǹṣì yìí náà ni mo wà lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí mo fi etí ara mi gbọ́ ọ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, tí ẹ ní, 'Má ṣe lóyún'? Ẹ sẹ́ ẹ!"

"N ò sẹ́ ẹ."

Nọ́ọ̀sì di orí mú. Ìyá arúgbó sún mọ́ iwájú, kí ọ̀rọ̀ kankan má baà bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ ẹ̀ gbọ́? Ó jẹ́wọ́!"

Ìyá Dókítà mọ̀ pé gbólóhùn méjì péré ni yóò parí ìjà náà. Ó gbé wọn mì. "Aránṣọ ló ni ọ̀rọ̀, Màámi. Ẹ bi í."

"Ṣé ó ń sọ̀rọ̀ ni? Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀."

"Màámi, ẹ ò bi mí." Aránṣọ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fara ti ògiri, ó ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré. "Nígbà tí mo fi máa délé, ẹkún ni mo bá lẹ́nu yín. Gbogbo ilé ti ń bá yín kẹ́dùn. Kí ni kí n wá sọ?"

"Ta ló lè jókòó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn tán?"

"Ẹ ò dúró gbọ́ ọ tán lóòótọ́."

Ìyá ọkọ fi ọwọ́ wá bẹ́ǹṣì lẹ́yìn, ó jókòó. "Ó dáa. Kí ló sọ?"

Aránṣọ wo Ìyá Dókítà. Ìyá Dókítà ń wo fáìlì.

"Ó ní, 'Má ṣe lóyún kí n tó yọ kókó yìí, nítorí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ kò lè gbé ẹni méjì. Bí mo bá yọ ọ́ tán, sinmi fún ọdún kan, kí o tó wá ọmọ. Ilé ọmọ rẹ, n kò ní í fọwọ́ kàn án ju bó ti yẹ lọ. Sọ fún ìyá ọkọ rẹ tó jókòó síta yẹn, kó má lọ máa dá nìkan ronú.'"