Ẹ Kú Iṣẹ́ Lábẹ́ Omi

Ẹ má bínú, mo máa ń pariwo. Iṣẹ́ mi ló fà á. Àwọn tí ẹ̀rù ń bà ni mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ pọ̀n wọ abẹ́ omi lọ, ẹni tó bá sì ń rọra sọ̀rọ̀ nídìí irú iṣẹ́ yìí, kó yáa lọ máa ta bọ́tìnnì. Mo ti rí ọlọ́pàá tó dì mọ́ àtẹ̀gùn tí kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Mo ti rí dókítà tó ṣàdédé ní inú ń run òun. Ṣùgbọ́n irú ti Màmá yìí, mi ò rí i rí.

Màmá ni ìyàwó ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Abẹ́ omi ni ọ̀gá ti ń tún òpó èbúté ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Tí wọ́n bá ti kẹ̀yìn, Ọ̀gá Má-yọ-ọ́ ni àwa ọmọ iṣẹ́ ń pè wọ́n, nítorí rọ́bà tí a ń fi sẹ́nu láti máa mí lábẹ́ omi. Wọ́n á ní, "Má yọ ọ́! Kódà bí ìyá tó bí ọ bá pè ọ́ níbẹ̀, má yọ ọ́!" Ẹni tó bá yọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, wọn ò ní bá a ṣiṣẹ́ mọ́.

Mo ń fọ awò ojú tí a fi ń ríran lábẹ́ omi nínú yàrá ẹ̀yìn adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Màmá wọlé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Ìwọ ọmọ yìí, kọ́ mi."

"Kọ́ yín ní kí ni?"

"Bí wọ́n ṣe ń wọ abẹ́ omi."

Ẹ̀rín pa mí. Màmá tí kì í dé etí èbúté nítorí ìbẹ̀rù omi! Wọn ò bá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó sórí àpótí.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọ̀gá yín máa fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ mi, ẹ kú àbọ̀ ni mo ń kí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Mò ń kí bíríkìlà ojú títì ní kú iṣẹ́. Mò ń kí ẹni tó ń gbálẹ̀. Ọkọ mi tó fi iṣẹ́ yìí bọ́ èmi àtàwọn ọmọ, mi ò bá wọn lẹ́nu iṣẹ́ rí. Mo fẹ́ bá wọn níbẹ̀, kí n kí wọn lẹ́ẹ̀kan péré kí iṣẹ́ tó tán. Má sọ fún wọn o."

Omijé fẹ́ já lójú mi, ni mo bá jágbe. "Ẹ bọ́ bàtà yín! Ṣé tẹ̀yin ti bàtà lẹ fẹ́ wọ omi ni?"

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ibi tí omi ò jìn la kúnlẹ̀ sí. Màmá ń mí dáadáa. Mo wá rí i pé okùn awò ojú wọn ti tú díẹ̀, mo sì bá wọn fà á le. Ẹ gbọ́ ohun tí Màmá ṣe. Wọ́n yọ rọ́bà lẹ́nu láti sọ pé, "O ṣé, ọmọ mi." Lábẹ́ omi! Omi ya wọ ọ̀fun wọn, àfi bí mo ṣe wọ́ wọn jáde tí wọ́n ń húkọ́.

"Màmá! Ta ló ní kí ẹ dúpẹ́?"

"Kí èèyàn ṣe mí lóore kí n máa wò bọ̀ọ̀? Wọ́n kọ́ mi nílé o!"

Àtìgbà yẹn ni ẹ̀rù ti wọ̀ wọ́n lára. Tí omi bá ti bo orí wọn báyìí, wọ́n á gan, wọ́n á sé èémí, wọ́n á fò sókè. Èémí sísé yẹn gan-an sì ni èèwọ̀ iṣẹ́ wa, torí ó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ béèyàn bá ń gòkè. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ó wá ku ọ̀la tí ọ̀gá máa ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, Màmá jókòó sétí adágún, wọ́n bú sẹ́kún.

"Kì í ṣe omi ló ń bà mí lẹ́rù mọ́. Dídákẹ́ yẹn ni. Bí mo bá tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi kí wọn?"

Háà! Mo bú ara mi. Gbogbo ariwo tí mo ti ń pa, mi ò ro ìyẹn rí. Nígbà tó yá, Màmá nu ojú, wọ́n há píìnì irun sẹ́nu, wọ́n ń ká irun wọn sábẹ́ fìlà rọ́bà. Mo ní ṣé kí n bá wọn po tíì. Wọn ò la ẹnu. Wọ́n kàn fi ọ̀fun kùn ún: ohùn lọ sísàlẹ̀, ó gòkè, ó tún sọ̀, ó tún gòkè. Mo sì gbọ́ ọ ketekete: mi ò fẹ́, jẹ́ kí n jókòó.

Mo fò dìde. "Màmá! Ẹ tún un kùn!"

"Kí ni?"

"Ẹ fi rọ́bà sẹ́nu, kí ẹ kùn ún! Ẹ kí mi!"

A wọ omi. Màmá kùn. Èémí ń bá ohùn jáde, omi ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu wọn, torí ẹni tó ń kùn ò lè sé èémí. Ara wọn rọ̀. Wọ́n kí mi, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí ní alágídí ọmọ, mo sì gbọ́ ìyẹn náà.

Lọ́jọ́ kejì, fóómàn èbúté fún wa láyè láti wọ omi. Omi mọ́ kedere, ìdí òpó ò sì jìn. Màmá di ọwọ́ mi mú débi pé ó ń ro mí, wọ́n ń kun orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún títí ẹsẹ̀ wa fi kan yanrìn. Ọ̀gá wà nídìí òpó, wọ́n ń fi irin ha ìkarahun kúrò lára rẹ̀. Mo lu àgbá ẹ̀yìn mi kí wọ́n lè mọ̀ pé a dé. Wọ́n yíjú, wọ́n nawọ́ sí ẹni tó wà lọ́wọ́ mi: ta tún ni o gbé wá yìí?

Màmá jáwọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n kùn ún.

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀gá dúró gbagidi. Màmá tún un kùn, wọ́n wá fi kún un: Ẹ kú iṣẹ́ o, olówó orí mi.

Irin bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọ̀gá Má-yọ-ọ́ gbọ́wọ́ sókè, wọ́n yọ rọ́bà lẹ́nu, wọ́n ní, "Òo, o ṣé!"

Mo ń ké nínú rọ́bà tèmi: "Má yọ ọ́! Má yọ ọ́!" Mo ti ń lúwẹ̀ẹ́ lọ bá wọn, ṣùgbọ́n Màmá ti débẹ̀ ṣáájú mi. Màmá fa rọ́bà yẹn, wọ́n tì í bọ ẹnu ọkọ wọn, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn títí ọ̀gá fi ń mí padà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ń sunkún, awò ojú wọn ti kún fún omijé. Màmá wá kúnlẹ̀ sórí yanrìn, wọ́n mú irin tó bọ́, wọ́n sì gbé e lé ọ̀gá lọ́wọ́, torí iṣẹ́ kò tíì tán.