Ilẹ̀ Ọkọ̀ Onígbàjámọ̀

Iṣẹ́ tí obìnrin yìí ń ṣe, bí ó bá ṣàlàyé rẹ̀ fún ènìyàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹni náà á ṣì tún bi í pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Kì í ṣe káfíńtà, bẹ́ẹ̀ pákó ló fi ń jẹun. Kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ọkọ̀ ló ń ṣe. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tó ń fi ike ṣe ọkọ̀ ogun kékeré. Wọ́n á kó gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sínú páálí, kí ẹni tó bá rà á lè jókòó sílé kó máa tò ó pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun gbogbo máa ń pé nínú páálí náà, àfi pé orí ọkọ̀, ilẹ̀ tí àwọn atukọ̀ ń rìn lé, ike ni òun náà, pákó sì ni wọ́n fi tẹ́ ti ọkọ̀ gidi. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Òun ló ń ya àwòrán ilẹ̀ náà sínú kọ̀ǹpútà, tó ń fi ẹ̀rọ tó ń yọ iná tín-ín-rín gé e lára pákó tó fẹ́lẹ́ bí bébà, tó sì ń fi gọ́ọ̀mù sí i nídìí, tó ń fi bébà bo gọ́ọ̀mù náà, kí oníbàárà lè bó bébà yẹn kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ike. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Onílẹ̀ Ọkọ̀. Ọkùnrin kan tilẹ̀ ti wá bá a rí pé kó ta ilẹ̀ fún òun, ó ní òun gbọ́ pé etí òkun ni tirẹ̀ wà.

Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ náà o. Ọkọ̀ gidi gùn tó òpópónà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí tí wọ́n fi ike ṣe kò gùn ju apá àgbàlagbà lọ. Gbogbo pákó tí àwọn káfíńtà ìgbà náà tò sórí ọkọ̀ gidi, lọ́kọ̀ọ̀kan, ni Onílẹ̀ Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi ìlà fà, ìlà tó tín-ín-rín ju irun ìpéǹpéjú lọ. Ibi tí pákó kan bá parí sí, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ parí síbẹ̀, kí ilẹ̀ má baà là. Níbi tí iwájú ọkọ̀ bá ti ń rí ṣóńṣó, pákó kankan kò gbọdọ̀ ní ẹnu mímú bí abẹ́rẹ́, torí ẹnu mímú ló ń kọ́kọ́ jẹrà. Wọ́n á gé ẹnu náà kúrò, wọ́n á wá gbẹ́ ìjókòó fún ìyókù lára pákó ẹ̀gbẹ́. Gbogbo wàhálà yìí ni àwọn ènìyàn náà ṣe sára ọkọ̀ tí wọ́n mọ̀ dájú pé ìbọn ni ọ̀tá máa yìn lù ú. Nígbà mìíràn Onílẹ̀ Ọkọ̀ á gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà, ẹ̀rù á sì bà á, ẹ̀rù tó dùn, bí ọmọdé tó ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn yàrá tí àwọn àgbà ti ń sọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ̀ ló kó ìfẹ́ ọkọ̀ ràn án. Onígbàjámọ̀ ni Bàbá, irun orí àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n fi tọ́ ọmọbìnrin yìí dàgbà. Bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó sí tábìlì tó wà lójú fèrèsé nílé, wọ́n á máa to ọkọ̀ ogun. Bàbá yìí kan náà, bí wọ́n bá wọ ọkọ̀ ojú omi tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú okùn rẹ̀, èébì á ti máa gbé wọn. Ṣùgbọ́n ẹ fún wọn ní ẹ̀mú kékeré àti okùn tó tín-ín bí irun, kí ẹ wá wo ọwọ́ tí Ọlọ́run dá.

Ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Oníbàárà kan jókòó sórí àga ní ṣọ́ọ̀bù, Bàbá ti ta aṣọ bò ó lọ́rùn. Bó ṣe wo inú dígí, ó rí ọwọ́ Bàbá níbi tó sọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí wọn, ó ń gbọ̀n, abẹ sì wà nínú rẹ̀. Ó dìde, ó ní òun rántí pé òun gbé omi kaná nílé. Ẹ má dá a lẹ́bi, ọrùn kò ní ìpààrọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀, nígbà tó sì ṣe díẹ̀, Bàbá ti ṣọ́ọ̀bù pa. Dókítà fún wọn ní oògùn, wọ́n ń lò ó.

Láti ìgbà náà ni ilé ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́ yẹn. Ìyá ló ń bu tíì, Ìyá ló ń de bọ́tìnnì. Bí Bàbá bá fẹ́ na ọwọ́ sí ṣíbí, ẹlòmíràn á ti gbé e. Bí Onílẹ̀ Ọkọ̀ bá wá kí wọn, bàtà Bàbá ni á kọ́kọ́ wò bóyá okùn rẹ̀ ti tú. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn àgbà ní àṣejù, baba àṣetẹ́, mi ò sì gbọ́ pé wọ́n yọ ti ìfẹ́ sílẹ̀.

Ọkọ̀ kan ló ṣẹ́ kù lórí tábìlì ojú fèrèsé náà. Bàbá ti tò ó dé ibi tó dé kí ọwọ́ tó dá wọn dúró. Ara rẹ̀ ti pé, wọ́n ti kùn ún. Àwọn ìbọn ńlá àti ilé gíga àárín rẹ̀, pẹ̀lú òpó àti okùn tó so mọ́ ọn, wà nínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ló kù, kò sì sí ẹnì kankan láyé tó ń ta ilẹ̀ irú ọkọ̀ yẹn.

Bàbá sọ fún ọmọ wọn pé, “Ìwọ ni wàá gé e. Èmi ni n ó tẹ́ ẹ.”

Ìyá ní, “Ọwọ́ wo lẹ fẹ́ fi tẹ́ ẹ?”

Onílẹ̀ Ọkọ̀ sì mọ ewu tó wà níbẹ̀, torí òun ló ń po gọ́ọ̀mù yẹn. Gọ́ọ̀mù náà kì í gba ẹ̀bẹ̀. Bí pákó bá ti fara kan ike báyìí, ó ti di tọkọtaya; ẹni tó bá fẹ́ tú wọn ká á fa pákó ya, á sì bó ọ̀dà ara ọkọ̀. Bí ọwọ́ Bàbá bá ta pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ti bàjẹ́ nìyẹn. Èyí tó burú jù ni pé Bàbá á dìde nídìí tábìlì yẹn, wọn kò sì ní jókòó síbẹ̀ mọ́ láéláé.

Ló bá ṣe ohun tí òun rò pé ọgbọ́n ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Bàbá ń gbọ́ rédíò, tí ọwọ́ wọn wà létí tábìlì tó ń gbọ̀n, ó fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan mìíràn. Ó wọn ibi tí ìka ń lọ àti ibi tó ń bọ̀. Nígbà tó padà sí ìdí kọ̀ǹpútà, ó fi ìwọ̀n náà kún gbogbo ihò tó wà lára àwòrán: ihò tí àwọn ìbọn ńlá ń jókòó sí, ihò ilé àárín ọkọ̀, ihò ẹnu ọ̀nà tí àwọn atukọ̀ ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Ó tún gé etí ilẹ̀ náà wọlé díẹ̀. Ibi yòówù tí ọwọ́ bá gbé e sí, nǹkan kan kò ní há. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìtìjú mú un díẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá tara rẹ̀ ni tàbí ti Bàbá.

Ọ̀sán ọjọ́ mìíràn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, oòrùn wà lójú fèrèsé. Ìyá fà á sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Ìwọ ni kó o lẹ̀ ẹ́, jọ̀ọ́. Kí bàbá rẹ sáà jókòó tì ọ́.”

Bàbá gbọ́ láti ìdí tábìlì. “Ìyá wọn, mo ṣì wà láyé o. Ẹ má tíì pín ogún mi.”

Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún. Ó dúró níwájú ọmọ wọn, ó ń gbọ̀n, Onílẹ̀ Ọkọ̀ sì gbé ilẹ̀ ọkọ̀ náà lé e. Àwọn ìka pa dé mọ́ etí pákó. Ọwọ́ dákẹ́.

Ó dákẹ́ pátápátá. Pákó tó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí èémí lásán ń gbọ̀n jìgìjìgì, kò mira. Ọwọ́ náà gbé e gba orí tábìlì kọjá, wọ́ọ́rọ́wọ́, bó ṣe máa ń gbé abẹ lọ sí ẹ̀yìn etí oníbàárà láyé ọjọ́un, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí ọkọ̀ láì tíì bó bébà ìdí rẹ̀, kí wọ́n lè kọ́kọ́ wò bó ṣe bá a mu. Orí Onílẹ̀ Ọkọ̀ wú. Ìyá tó ti la ẹnu tẹ́lẹ̀ pa á dé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo ti ń sọ òwe yìí tipẹ́, ọjọ́ yẹn ni obìnrin méjì yìí fojú rí i.

Bàbá gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Wọ́n tẹ̀ ba ọkọ̀, wọ́n wò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn.

“Ta lo gé èyí fún?”

“Ẹ̀yin ni, Bàbá.”

“Rárá o. Wá wò ó.” Wọ́n fi ẹnu ẹ̀mú tọ́ka sí ìdí ìbọn iwájú. Ike yọjú yíká ihò náà. “Tó bá jẹ́ ọkọ̀ gidi ni, ẹsẹ̀ atukọ̀ á wọnú àlàfo yìí. Omi á máa ro lé wọn lórí níbi tí wọ́n ń sùn. O ò ta irú èyí fún oníbàárà rí.”

Kò lè purọ́. “Mo wọn ọwọ́ yín ni, Bàbá. Ọjọ́ tí ẹ ń gbọ́ rédíò. Mo wọn bó ṣe ń gbọ̀n, mo wá fi kún ihò. Ẹ má bínú sí mi.”

Bàbá rọra gbé ilẹ̀ náà kúrò. Ọwọ́ wọn padà sórí itan, ló bá tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò.

“Ibi tó ti jókòó láìníṣẹ́ lo ti wọ̀n ọ́n,” ni wọ́n wí. “Mi ò bá ọ wí. Èmi náà ò mọ̀. Ẹ̀rù ni ò jẹ́ kí n dán an wò.” Wọ́n gbé awò sílẹ̀. “Ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn dìde lórí àga mi, ó yẹ kí n ní kó jókòó.”

Ìyá kọjú sí ògiri. “Èmi ni mo ń gba ṣíbí,” ni wọ́n sọ.

“Èmi ni mo ń fi í sílẹ̀ fún yín,” ni Bàbá fèsì. Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. “Lọ gé tèmi wá. Gé e bí ìgbà tó o bá ń gé e fún ẹni tó o ò mọ̀ rí.”

Ó lọ. Ó dá gbogbo ihò àti etí ilẹ̀ náà padà sí bó ṣe yẹ kó rí, ó jókòó ti ẹ̀rọ bí iná tín-ín-rín náà ṣe ń fa pákó lẹ́yìn pákó, tí òórùn igi jíjó kún inú yàrá. Ẹ̀rù ń bà á. Èyí kò ní àyè fún àṣìṣe rárá. Bí ọwọ́ yẹn bá yí ọkàn padà láàárín iṣẹ́ ńkọ́? Síbẹ̀ kò fi nǹkan kan kún un.

Oòrùn ò tíì kúrò lójú fèrèsé nígbà tó padà dé. Bàbá bó bébà láti àárín, wọ́n gbé ihò àárín jókòó sí ààyè rẹ̀ lórí ọkọ̀, wọ́n sì fi àtàńpàkò tẹ pákó náà lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó lọ geere. Wọ́n kọjú sí iwájú, níbi tí ilẹ̀ ti rí ṣóńṣó, tí ṣéènì ìdákọ̀ró ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dúró díẹ̀ kí wọ́n lè wò ó dáadáa. Bí ọwọ́ ṣe dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹnu pákó sì ń lu afẹ́fẹ́ lókè ike.

Onílẹ̀ Ọkọ̀ ti dìde tán láti gbà á. Ó wá rí ohun tí Bàbá náà rí lójú kan náà: bí ọwọ́ bá ti ń dúró ló ń gbọ̀n, bó bá ti ń lọ ló ń dákẹ́. Bàbá kò tún dúró wò. Wọ́n jẹ́ kí ọwọ́ lọ. Ó gbé pákó dé orí ibi ṣóńṣó náà láìṣiyèméjì, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi àtàńpàkò fà á dé etí. Ihò ṣéènì jókòó lórí ihò ṣéènì. Nígbà tí Onílẹ̀ Ọkọ̀ gbé awò wò ó, kò rí àlàfo kankan, bẹ́ẹ̀ òun ló gé e, òun ló mọ bó ṣe há tó. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Bàbá gbé àwọn ìbọn àti ilé àárín jókòó sínú ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, òpó àti okùn rẹ̀ wà lókè. Iṣẹ́ parí. Ọwọ́ wọn sọ̀ sétí tábìlì láti sinmi, ìgbọ̀n náà sì padà dé. Ó gba ara tábìlì wọ inú ọkọ̀. Okùn òpó bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń sún síwá sẹ́yìn lórí gbogbo pákó wọ̀nyẹn, gbogbo ọkọ̀ náà sì ń mí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí èyí tó dúró lójú agbami.

Ìyá na ọwọ́ láti di ọwọ́ Bàbá mú. Onílẹ̀ Ọkọ̀ rọra gbá ọwọ́ Ìyá mú.

“Ẹ fi sílẹ̀, Ìyá,” ló wí. “Ẹ wo ọkọ̀.”