Ìdajì Orúkọ Gbajúmọ̀

Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ni wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ Ìyá Búrẹ́dì. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan wá bá a nídìí ààrò, ó fẹ́ mọ ìdí tí búrẹ́dì fi ń kéré sí i. Gbogbo ìgbà tó bá bi í ní nǹkan, obìnrin náà á yí orí, á na etí ọ̀tún sí i.

“Ìyá, ṣé ọrùn ń dùn yín ni?”

“Rárá o. Etí òsì mi ni kò gbọ́rọ̀. Gbajúmọ̀ ló gbá mi létí nígbà tí mo ṣe ipò kejì.”

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá, ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti bọ́. Kí ó tó kó búrẹ́dì tó wà lórí iná jáde, ìlú ti gbóná ju ààrò rẹ̀ lọ.

Kò sí ẹni tí kò mọ Gbajúmọ̀ níbẹ̀. Òun ni kóòṣì tó kọ́ wọn ní eré sísá. Kí ó tó dé, olè àti ẹni tí ajá ń lé nìkan ló máa ń sáré nílùú náà. Nígbà tó dé, àmì-ẹ̀yẹ ń wọlé bí omi òjò. Wọ́n fi irin ńláńlá jó orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ mọ́ orí ẹnubodè pápá ìṣeré: PAPA GBAJUMO.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ìyá Búrẹ́dì, tẹlifóònù ilé iṣẹ́ rédíò kò sinmi mọ́. Obìnrin kan ní Gbajúmọ̀ ti òun mọ́ yàrá tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí, ó sì gbàgbé òun síbẹ̀. Ọkùnrin kan ní kò jẹ́ kí òun mu omi títí ahọ́n òun fi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ náà ò sùn. Dókítà eléyín kan pè, ó ní, “Gbajúmọ̀ nà mí, ìyẹn ló sọ mí di dókítà.”

“Kí ló pa ẹgba pọ̀ mọ́ eyín?” ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bi í.

“Ó yọ eyín mi méjì. Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ eyín ti wọ̀ mí lọ́kàn.”

Ìdáhùn yìí dùn mọ́ àwọn àgbààgbà ìlú nínú. Wọ́n ní ẹni tó lè ronú báyìí kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, wọ́n sì fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò yẹ ọ̀rọ̀ Gbajúmọ̀ wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá orúkọ rẹ̀ á dúró lórí pápá. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Búrẹ́dì ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé. Òun ni ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́. Abẹ́ Gbajúmọ̀ lòun náà ti sáré, àwòrán kóòṣì náà tóbi ní pálọ̀ rẹ̀ ju àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ lọ.

Ó wá bá àbúrò rẹ̀ nídìí ààrò. Kò tilẹ̀ jókòó.

“Kí ló gbé ẹ dé orí rédíò? Ṣé ọ̀rọ̀ tí à ń sọ síta nìyẹn?”

“Wọ́n bi mí ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ò bi mí rí.”

“Ọkùnrin yẹn ló sọ wá di èèyàn!”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Òun náà ló sọ mí di ẹni tó ń ní ‘kí lẹ wí?’ látàárọ̀ dalẹ́.”

Ẹ̀gbọ́n bá mú búrẹ́dì kan, ó bínú jáde.

Gbọ̀ngàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ni wọ́n ti ṣèpàdé. Gbogbo ẹni tó ní ẹjọ́ ló wá, àwọn tí wọ́n nà àti àwọn tí nínà dùn mọ́. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni Gbajúmọ̀ fúnra rẹ̀ wọlé, nínú bàtà kánfáàsì funfun, fèrè lọ́rùn. Ẹnikẹ́ni ò pè é. Ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀, kí ó ní kó máa lọ? Ó jókòó síwájú, ó wo aago ara ògiri.

“Ẹ ti pẹ́,” ló wí.

“Ẹ má bínú, sà,” ni alága dáhùn.

Dókítà eléyín gbé pátákó síta, ó fa ìlà sí àárín rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ka rere sí apá kan, kí wọ́n ka burúkú sí èkejì, kí wọ́n wá wo èyí tó wúwo. Eléyìí lọ dáadáa títí wọ́n fi dé orí etí. Olùkọ́ èdè Yorùbá tó wà nínú ìgbìmọ̀ béèrè pé àmì-ẹ̀yẹ mélòó ló tó etí kan. Ẹnì kan ní mẹ́rin. Ẹlòmíì ní tó bá jẹ́ ti wúrà, ẹyọ kan ti tó.

Ìyá Búrẹ́dì dìde. “Èwo nínú àwọn àmì-ẹ̀yẹ yẹn ló ń gbọ́rọ̀?”

Ni ariwo bá ta. Àga ń ṣubú, oníkálùkù ń nàka sójú ẹnì kejì. Gbajúmọ̀ mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà sú, ó gbé fèrè sẹ́nu, ó fọn ọ́n.

Gbogbo gbọ̀ngàn dìde dúró. Alága dìde, akọ̀wé dìde, obìnrin tí wọ́n tì mọ́ yàrá bọ́ọ̀lù dìde. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n tò sórí ìlà. Ó fọn èkejì, wọ́n bọ́ sí pápá, eré yá. Àwọn tó ní ikùn gbá ikùn mú. Olùkọ́ èdè ń sáré nínú bàtà aláwọ.

“Gbé orúnkún sókè!” ni Gbajúmọ̀ ń pariwo.

Ìyá Búrẹ́dì rí i pé òun ló wà níwájú, nínú aṣọ tí ìyẹ̀fun bò. Èyí tó burú jù ni pé ó ń dùn mọ́ ọn. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lójú, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Ọwọ́ tó fọ́ etí rẹ̀ náà ló kọ́ ẹsẹ̀ yìí. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i pé inú òun ń dùn.

Ó dúró gbagidi. Àwọn tó wà lẹ́yìn kọlu ara wọn. Dókítà eléyín fi eyín lu akọ̀wé léjìká. Obìnrin náà ò wẹ̀yìn. Ó rìn lọ bá Gbajúmọ̀, ó na ọwọ́.

“Ẹ mú fèrè yẹn wá, sà.”

Gbajúmọ̀ wò ó. “Ìwọ ni ì bá gba ipò kìíní lọ́jọ́ náà. O dẹ mọ̀.”

“Mo mọ̀. Ó dùn mí ju bó ṣe dùn yín lọ. Mi ò gbá ẹnikẹ́ni létí.”

Ọkùnrin náà bọ́ fèrè lọ́rùn, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Láìsí fèrè, ó kàn dà bíi bàbá àgbàlagbà kan tó ṣìnà ilé. Ìyá Búrẹ́dì mú fèrè náà lọ sílé, ó jù ú sínú ààrò. Ike ni, búrẹ́dì ọjọ́ náà ò ṣeé jẹ.

Ìgbìmọ̀ padà jókòó, wọ́n sì dájọ́. Wọ́n ní rere Gbajúmọ̀ jẹ́ ìdajì, burúkú rẹ̀ jẹ́ ìdajì, nítorí náà kí wọ́n yọ ìdajì orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ èdè ní lẹ́tà kan ṣoṣo ni “gb,” pé mẹ́fà ni gbogbo lẹ́tà náà, kí mẹ́ta lọ, kí mẹ́ta kù, kò sí ìjà. Alága ní irin méje lòun rí lókè. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ìjà lórí J tó wà láàárín nìyẹn. Wọ́n dìbò. J fìdí rẹmi.

Ohun tó kù lórí ẹnubodè ni PAPA GBA, láìsí àmì ohùn kankan. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ń kà á sí “gbà,” wọ́n ní bó ṣe máa ń wí nìyẹn tó bá ń fún wọn ní àmì-ẹ̀yẹ. Àwọn tí Gbajúmọ̀ nà ń kà á sí “gbá.” Àlejò tí kò mọ ìkankan a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, a béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí òun gbà.

Ìyá Búrẹ́dì kò lọ wo ẹnubodè náà. Ó ti padà sídìí eré sísá ní tirẹ̀, ní òwúrọ̀, lójú títì, bí búrẹ́dì bá ti jáde. Ó ní ẹsẹ̀ òun ni, òun ò lè bá ẹnikẹ́ni pín in.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró dè é ní ìkóríta, nínú bàtà tí kò tíì gbó. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sáré, àmọ́ wọn ò tíì kọjá ilé ìfìwéránṣẹ́ tí èémí Ẹ̀gbọ́n fi kúrú. Ó jókòó sí etí gọ́tà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àbúrò rẹ̀ padà wá dúró tì í.

“Gbogbo ohun tí Gbajúmọ̀ ṣe sí ẹ nígbà yẹn,” ni Ẹ̀gbọ́n wí, “sọ fún mi.”

“Ó gùn o, Ẹ̀gbọ́n.”

“Máa sọ ọ́. Ẹsẹ̀ mi ti kú, mi ò lè sá lọ síbì kankan.”

Ìyá Búrẹ́dì gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó sì jókòó tì í.