Aṣọ Inú fún Ọwọ́yá

Aránṣọ ni tọkọtaya náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ìyàwó ni àwọn oníbàárà ń pè ní Ọwọ́yá. Ti ọkọ, ká má purọ́, bó bá rán an lónìí, ìyàwó á tú u lọ́la, á tún un rán.

Ọjọ́ tí dígí fèrèsé já lu Ọwọ́yá lọ́wọ́ ọ̀tún, iṣan ìka méjì ló gé. Dókítà so wọ́n pọ̀, ó fi ike líle gbé ọwọ́ náà ró. Lábẹ́ àwọn ìka náà, nínú ike, ohun pẹlẹbẹ kan wà tó ń mọ̀ bí ìka bá tẹ̀ ẹ́, tó sì ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà dókítà.

"Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ìka bá dákẹ́, màá mọ̀, màá sì pè yín kíá."

Ike náà ń ha á lára. Àánú ṣe ọkọ. Aránṣọ wo ni yóò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ wọ ohun tí kò ní aṣọ inú? Ó gé fóòmù, ó fi aṣọ dídán bò ó, ó rán an, ó sì tẹ́ ẹ sínú ike pinpin.

"Olówó orí mi, ẹ ṣeun," ni ìyàwó wí.

Nígbà tó yá, ó ní, "Mi ò mọ̀ bóyá àwọn ìka yìí ń gbéra o."

"Bí wọn ò bá gbéra, ṣé dókítà ò ní pè ni? Fọkàn balẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, dókítà ò pè. Ọjọ́ tí wọ́n padà lọ, ẹ̀rín ni dókítà fi kí wọn, àfi ìgbà tó tú ike náà. Ìka méjèèjì nà gbọọrọ, wọn ò ṣeé ká.

"Ta ló fi èyí síbí?"

"Èmi ni, Dókítà."

"Fóòmù yìí ló ń tẹ ohun tó ń ròyìn fún mi ní gbogbo ìgbà tí ìyàwó yín bá gbé apá, èmi sì rò pé ìka ni. Iṣan ti já tipẹ́, ó ti súnkì. Ká ní mo tètè mọ̀ ni…"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un so. Ẹ mú tèmi fún un!"

Dókítà mi orí. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Níta, ọkọ ń retí èébú. Ì bá dùn mọ́ ọn bó bá gbọ́ ọ. Ọwọ́yá fi ọwọ́ òsì yí aṣọ inú náà síwá sẹ́yìn, ó wo ipa abẹ́rẹ́ ara rẹ̀ fínnífínní bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ mà rán eléyìí dáadáa," ló wí. "Kò sí ibi tí mo fẹ́ tú níbẹ̀."