Ọkùnrin Tó Fẹ́ Ta Ọ̀mì

Òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ni mò ń tà ní ẹ̀gbẹ́ títì Àpòmù nígbà náà, ní ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù Ṣàmsúdéènì télọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, irun ara mi máa ń dìde.

Ṣàmsúdéènì kì í ṣe ọmọ ìta. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń kírun lásìkò, kì í sì í fi aṣọ oníbàárà falẹ̀. Àṣíáwù, ìyàwó rẹ̀, ń ta dòdò ní ibùdókọ̀ Ìkirè. Àárọ̀ ló ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Ohun kan ṣoṣo téèyàn lè nàka àbùkù sí lára ọkùnrin náà ni púùlù.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lẹ́yìn wa lè má mọ bí púùlù ṣe rí. Láàárín ọdún 1984 sí 1990, tẹ́tẹ́ tó gba ìgboro nìyẹn. Tókun ló ni ilé púùlù ti àdúgbò wa. Wọ́n á fún yín ní ìwé tí wọ́n to bọ́ọ̀lù táwọn òyìnbó fẹ́ gbá nílùú wọn sí, tòun ti nọ́ńbà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ mú àwọn tó máa parí sí ọ̀mì, èyí tí ẹnì kan ò ní na ẹnì kejì. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, rédíò á ka èsì.

Àwọn mẹ́ta ló máa ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù náà láti mú nọ́ńbà: Ṣàmsúdéènì fúnra rẹ̀, Sùlè tó ń fi lọ́rì kó kòkó lọ sí Gbọ̀ngán, àti Fákọ̀yà káfíńtà. Mo máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn látibi tí mo wà. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé eré kan náà ni wọ́n jọ ń ta, ṣùgbọ́n ojú tí kálukú fi ń wo èrè àti òfò kò jọra rárá.

Sùlè kì í rántí òfò. Tó bá jẹ owó táṣẹ́rẹ́ kan, a ó máa gbọ́ ọ títí Iléyá á fi dé. Bí ẹ bá bi í léèrè èyí tó ti lọ, á ní, "Èwo ló lọ? Ṣé kì í ṣe ọjọ́ tí mo jẹ là ń sọ ni?" Fákọ̀yà ní tirẹ̀, "ó kù díẹ̀" ni oúnjẹ rẹ̀. Bí gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ bá bọ́ sí i, tí ọ̀kan péré yẹ̀, inú rẹ̀ á dùn bíi ti ẹni tó jẹ. Á máa kígbe lọ kígbe bọ̀ pé, "Mo ti kan ilẹ̀kùn! Wọ́n ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́!"

Ṣàmsúdéènì nìkan ló ń kà. Ó gbé ìkòkò ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Náírà kọ̀ọ̀kan tó bá bá tẹ́tẹ́ lọ, á ju ekùrọ́ kan sínú rẹ̀. Tó bá jẹ, á yọ iye tó jẹ jáde. Kò fi í pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

"Èmi ò wá ọrọ̀," ló máa ń wí. "Ọ̀mì ni mo fẹ́ kí èmi àti púùlù ta. Ọjọ́ tí ìkòkò yìí bá ṣófo, ọjọ́ náà ni mo ṣíwọ́."

Sùlè á bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ? Ṣíwọ́? Ta lo rí tó ṣíwọ́ rí?"

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo wa, a ò rí ẹni tó ṣíwọ́ rí. Ẹni tó jẹ fẹ́ jẹ sí i, ẹni tí kò jẹ fẹ́ gba tirẹ̀ padà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, Àṣíáwù dé láti Ìkirè, ó sọ igbá dòdò kalẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí ìkòkò.

"Bàbá Mùnírátù, ṣé ẹ rí i pé ó ti kún dé ọrùn?"

"Mo rí i."

"Alfa wàásù ní Jímọ̀ pé haráámù ni. Etí yín náà ló ṣe."

Ṣàmsúdéènì dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Kò bínú. Ó ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n wò ó, tí mo bá ṣíwọ́ báyìí, gbogbo ekùrọ́ yìí á di òfò. Tí mo bá ṣì ń ta, kò tíì di òfò. Owó náà ṣì wà lójú ọ̀nà."

Àṣíáwù kọjú sí mi lódìkejì títì. "Ìyá Jọkẹ́, ẹ gbọ́ o! Owó tí kò sí lápò, tí kò sí nílé, ó ní kì í ṣe òfò!"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ní páálí síìpù aláwọ̀ ewé kan nílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó rà á láti ọdún mẹ́ta. N kò dín owó rẹ̀ kù kí n tà á, torí mo ń sọ fún ara mi pé àwọ̀ náà máa padà wá.

Sátidé tí ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀ bọ́ sígbà òjò. Mo lọ ra kẹrosíìnì nítòsí ilé púùlù, mo wá rí èrò tí wọ́n pé lé rédíò Tókun lórí. Òyìnbó tó ń ka èsì ń fara balẹ̀. Ó ní bó ṣe ń gbé ohùn: kó tó dárúkọ ìlú kejì, ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́ á ti mọ̀ bóyá ọ̀mì ni àbí kì í ṣe ọ̀mì. Fákọ̀yà ló di ìwé Ṣàmsúdéènì mú, ó ń fi èékánná sàmì sí i. Mẹ́jọ ló mú.

Àkọ́kọ́, ọ̀mì. Èkejì, ọ̀mì. Ní ẹ̀kẹta ẹnì kan ṣàwàdà, a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ẹ̀karùn-ún, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Tókun yí rédíò sókè. Obìnrin tó ń sun àgbàdo lẹ́bàá ọ̀nà dáwọ́ abẹ̀bẹ̀ dúró, àgbàdo ń jó, kò mọ̀. Ẹ̀kẹfà, ọ̀mì. Èkeje. Mo wo ojú Ṣàmsúdéènì: ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń ka ẹjọ́ rẹ̀ ní kóòtù.

Ó wá ku ẹ̀kẹjọ. Òyìnbó náà pe ìlú kan, ó ní góòlù méjì. Ó sinmi díẹ̀. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀, ó pe ìlú kejì.

"Ọ̀mì!" ni Tókun ké.

Sùlè ṣubú sórí eékún rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Àwọn kan ń pariwo, àwọn kan di orí mú. Ṣàmsúdéènì ò fò, kò ké. "Súbùhánálláhì" nìkan ló ti ẹnu rẹ̀ jáde, jẹ́jẹ́.

Èmi náà ò lè mira. Bọ́ọ̀lù mẹ́jọ! Nílùú tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni wa kò dé, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọn ò mọ̀ pé Àpòmù wà láyé, wọ́n sáré, wọ́n làágùn, wọ́n gbá a síwá gbá a sẹ́yìn, gbogbo wọn sì wá dúró gẹ́lẹ́ síbi tí télọ̀ kan ní kí wọ́n dúró sí. N kò tíì rí ohun tó jọ ọ́.

Àwọn tó mú àwọn ọ̀mì wọ̀nyẹn lórílẹ̀-èdè pọ̀, nítorí náà owó tó kan kálukú kì í ṣe owó ilé kíkọ́. Síbẹ̀ ó pọ̀. Lọ́jọ́ tí Tókun gbé e dé láti Ìbàdàn, Ṣàmsúdéènì tẹ́ ẹní síwájú ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìrun Àìlà, ó sì da ìkòkò rẹ̀ dé. Ekùrọ́ ya sórí ẹní bí ẹ̀wà lójú ọjà. Ọdún mélòó kan ló wà níbẹ̀ yẹn. Sùlè àti Fákọ̀yà bá a jókòó. Bí wọ́n bá ti ka owó kúrò, wọ́n á ka iye ekùrọ́ kan náà sínú apẹ̀rẹ̀.

Mo pa ọjà mi tì, mo lọ dúró síbẹ̀. Àwọn ọlọ́jà wá. Ọkọ̀ dúró kí awakọ̀ lè wòran. Òkìtì orí ẹní ń kéré, apẹ̀rẹ̀ ń kún, a sì ń wo ọdún tí ọkùnrin kan ti pàdánù bó ṣe ń padà sí i lọ́wọ́ lójú ọ̀sán gangan. Wọ́n pe ìrun Àláásárì, ó lọ kí i, ó padà wá.

Owó tán. Ekùrọ́ ṣẹ́kù.

Kò pọ̀. Ẹ̀kúnwọ́ méjì, bóyá.

Sùlè ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kò burú. Ọ̀sẹ̀ kan péré nìyí, tó bá pọ̀ tán ọ̀sẹ̀ méjì. Fi díẹ̀ nínú owó yẹn ta á, kí o parí rẹ̀."

"Mo ti ní mo fẹ́ ṣíwọ́," ni Ṣàmsúdéènì wí.

"Wò ó, ẹni tó fẹsẹ̀ rìn láti Ìbàdàn dé Ìkirè, tó ku Àpòmù, ṣé á wá sùn sójú títì ni?"

Fákọ̀yà gbè é. "Ọ̀rẹ́ mi, òótọ́ ló sọ. Ìwọ lo ní ọ̀mì lo fẹ́. Èyí kì í ṣe ọ̀mì. Ó kù díẹ̀!"

Ohun tó ya èmi lẹ́nu ni pé inú mi lọ́hùn-ún gbà pẹ̀lú wọn. Èmi tí n kò ta tẹ́tẹ́ rí láyé mi! Ekùrọ́ kéékèèké yẹn ń yọ mí lẹ́nu bí òkúta nínú bàtà. Mo wo Àṣíáwù tó dúró pẹ̀lú igbá rẹ̀. Ó la ẹnu, ó sì pa á dé. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé, "Ìyá Jọkẹ́, èmi tí mo ti ń sunkún lórí ìkòkò yẹn láti ọjọ́ yìí, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o, ó kù díẹ̀ kí n ní kó ta á lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ṣàmsúdéènì mú ekùrọ́ kan, ó ń yí i láàárín ìka. Ó wo owó. Ó wo ọ̀nà ilé púùlù. Nígbà tó yá ó ní, "Ẹ bá mi mú òkúta méjì wá."

Wọ́n mú un wá. Ó gbé ekùrọ́ lé ọ̀kan, ó fi èkejì pa á, ó sì ju ọmọ inú rẹ̀ sẹ́nu. A ń gbọ́ bó ṣe ń jẹ ẹ́.

"Ó ṣì dùn," ló wí. Ó pa òmíràn, ó tutọ́. "Èyí ti bàjẹ́." Ó wá rẹ́rìn-ín. Ó pa á fún Sùlè, ó pa á fún Fákọ̀yà, ó pa á fún èmi náà. "Sùlè, láti ìgbà wo la ti jọ ń rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì yìí? Ṣé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀rín yẹn ni? Owó tí ẹ̀rín náà ná wa ló ṣẹ́kù yìí. Ẹ jẹ ẹ́. Èmi ti ta ọ̀mì."

Ìró òkúta nìkan la ń gbọ́, títí ẹní fi mọ́. Àgbà obìnrin kan tó ń rẹ aṣọ láró ládùúgbò wa, Òrìṣàbùnmí, tú fìlà orí ọmọ tó gbé dání, ó sì mí kanlẹ̀.

"Mo ti rí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́," ni ìyá àgbà wí. "Mo ti rí ẹni tí tẹ́tẹ́ jẹ. Ẹni tó dìde kúrò nídìí rẹ̀, n ò rí i rí."

Bẹ́ẹ̀ náà ni Sátidé tó tẹ̀ lé e dé. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: àwọn èèyàn fi owó ta tẹ́tẹ́ láàárín ara wọn pé kò ní lè fara dà á. Sùlè wà lára wọn. Ó ní kí ilẹ̀ tó ṣú, Ṣàmsúdéènì á ti wà nílé Tókun.

Lọ́jọ́ náà, Àṣíáwù tètè dé láti Ìkirè. Kò sọ nǹkan kan, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ṣàmsúdéènì ń rán sòkòtò. Nígbà tí ohùn òyìnbó yẹn bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà ilé púùlù, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Oníbàárà kan ń béèrè òwú dúdú lọ́wọ́ mi, n kò dá a lóhùn. Wọ́n ké "Ọ̀mì!" lọ́hùn-ún. Ètè Ṣàmsúdéènì mì. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà ló pè. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì ẹ̀rọ náà mú bí ẹni tí ọkọ̀ ń gbọ̀n.

Ìyẹn pẹ́. Mo ń wo ènìyàn kan ṣoṣo lórí àga tó ń ja ìjà tí kò sí ẹni tó lè gbè é, ojú mi sì kún fún omi, n kò mọ ìdí.

Lẹ́yìn náà ló na etí òwú sí ìyàwó rẹ̀. "Àṣíáwù, bá mi fi bọ abẹ́rẹ́. Ọwọ́ mi ò dúró."

Àṣíáwù gbà á, ó fi itọ́ rẹ ẹ́, ó fi bọ abẹ́rẹ́. Ṣàmsúdéènì gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ. Ariwo ẹ̀rọ náà bo ti rédíò mọ́lẹ̀, kò sì dá ẹsẹ̀ dúró mọ́ títí wọ́n fi pe Mọ̀gàríbà.

Kò padà sídìí púùlù mọ́. Sùlè tún jẹ lẹ́yìn ìgbà náà, ó tilẹ̀ jẹ ju ti Ṣàmsúdéènì lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ròyìn rẹ̀. Ní bí ọdún 1996, mo wọ ọkọ̀ láti Gbọ̀ngán, ọkùnrin kan tó jókòó tì mí gbọ́ pé Àpòmù ni mò ń lọ. Ó ní ṣé òótọ́ ni pé télọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ta púùlù fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó jẹ, tó sì ṣíwọ́.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ojú mi ló ṣe.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀."