Bàálù Ọ̀gá Káfíńtà

"Ẹ gbé imú rẹ̀ wálẹ̀! Bọ̀dá, imú rẹ̀!"

Àbúrò ọkọ Télọ̀ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bàálù kékeré náà ti kọ etí ikún sí gbogbo wọn. Ó kúrò nílẹ̀, ó na imú sójú ọ̀run, ó dúró díẹ̀ lókè bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe, ó sì fìdí balẹ̀ gbìì sórí pápá. Ìyẹ́ ìsàlẹ̀ kan kán.

Télọ̀ káwọ́ lérí. Òun ló rán aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ìyẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àmọ́ kì í ṣe aṣọ ló ń dùn ún. Láti ìgbà tí àìsàn ti gba ọwọ́ ọ̀tún ọkọ rẹ̀, káfíńtà tí gbogbo àdúgbò máa ń bẹ̀ kó bá àwọn ṣe ilẹ̀kùn, ọkùnrin náà ò fọwọ́ kan ayùn mọ́. Àfi ìgbà tó rí àwòrán bàálù àtijọ́ kan, èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ wà ní àjà méjì, òkè àti ìsàlẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi gé gbogbo igi tó jẹ́ egungun rẹ̀, kò ra ẹyọ kan. Àbúrò rẹ̀ tó ń tún rédíò ṣe ló bá a wá ẹ́ńjìnnì, bátìrì àti rìmóòtù tí wọ́n fi ń darí ẹ̀ láti ilẹ̀.

Ọkọ Télọ̀ gbé rìmóòtù náà lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ó tó gẹ́ẹ́. Arẹwà, pe ẹni tó fẹ́ ra irinṣẹ́ mi. Kó wá kó wọn lọ́la."

"Ọ̀gá Káfíńtà, ẹ jọ̀ọ́..."

"Pè é!"

Télọ̀ pè é. Kí ló fẹ́ ṣe? Ẹ̀rù ló ń bà á, torí ó mọ̀ pé bí irinṣẹ́ bá ti kúrò nílé, ọkọ òun á kàn máa jókòó wo ògiri ni.

Nígbà tí wọ́n délé, ó gbé bàálù náà sórí tábìlì ìránṣọ rẹ̀ kó lè bá a tún aṣọ ṣe. Bó ṣe fi orí ìka gbé e lábẹ́ ìyẹ́ òkè, ìdí rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀. Ó tún un gbé. Ìdí tún tẹ̀ wálẹ̀.

"Ọ̀gá Káfíńtà, ẹ wá wo nǹkan. Ìdí ẹ̀ wúwo ju imú ẹ̀ lọ."

"Irọ́! Mo gbé e wò nígbà tí mo kàn án tán. Ó dúró déédéé."

"Kẹ́ ẹ tó kùn ún ni àbí lẹ́yìn tẹ́ ẹ kùn ún?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá! Ẹ má sọ fún mi pé ẹ kun bàálù ní fáníìṣì!"

"Ṣé kí n wá gbé iṣẹ́ jáde láìdán? Èmi?" Ojú ń tì í. "Ìdí ẹ̀ nìkan ni mo kùn dáadáa. Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọwọ́ òsì mi máa gé igi tó máa gún nìyẹn. Mo wá ń kùn ún, mo tún ń kùn ún."

"Àga kọ́ lẹ̀ ń kàn, Bọ̀dá! Àga kì í fò!"

Télọ̀ ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó mọ̀ pé dídán yẹn ni ọkọ òun fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Ó gbé sáńpépà síwájú rẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Ẹ fá a kúrò, kó lè fúyẹ́. Èmi á rán aṣọ."

Ọkọ rẹ̀ wo sáńpépà náà títí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá a, ó ń ráhùn lábẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ìyẹ́ tó kán.

Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó le, wọ́n padà sí pápá. Ọkọ Télọ̀ gba rìmóòtù náà padà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ tó wà nímú bàálù náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó sáré lórí koríko, ó gbéra pẹ́rẹ́, ó sì ń lọ. Ó ń lọ! Kò na imú, kò ṣubú. Ó fi ìyẹ́ kan tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yí padà, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

"Yéè!" Télọ̀ kígbe. "Yéè, ẹ wò ó!"

Ó kọjá lórí wọn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn la aṣọ náà kọjá, Télọ̀ sì rí gbogbo egungun tí ọkọ rẹ̀ gé, lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú aṣọ tí òun fọwọ́ ara òun rán. Orí rẹ̀ wú. Ṣé igi àti aṣọ orí tábìlì àná náà nìyí?

"Ìyàwó wa," àbúrò ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ wẹ́lẹ́, "ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún Bọ̀dá."

Láná, ọwọ́ òsì nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lórí rìmóòtù. Nísinsìnyí, àtàǹpàkò ọ̀tún tí kò lè di ṣíbí mú ń ti ọ̀pá kékeré tó wà lórí rẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ń fà á sẹ́yìn díẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀. Ojú rẹ̀ wà lókè, ó la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọdé, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Fóònù Télọ̀ dún. Ẹni tó fẹ́ ra irinṣẹ́ ni.

"Ẹ káàárọ̀ mà, mo ti wà lọ́nà o."

"Ẹ má bínú, ẹ padà. A ò tà á mọ́."

"Háà! Ṣé ẹlòmíì ti rà á ni?"

"Ẹni tó ni ín ló ń lò ó."

"Ṣebí ẹ ní wọn ò lè ṣiṣẹ́ mọ́? Kí ni wọ́n wá ń fi ṣe?"

Télọ̀ gbójú sókè. Bàálù náà tún ń yí bọ̀ lórí wọn.

"Wọ́n ń..." ó ní. Ó na fóònù náà sókè, kí onítọ̀hún lè fetí ara rẹ̀ gbọ́ ohùn bàálù náà.