Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kejì

Wọ́n ti tẹ́ Fortunato Choquevillca sórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ kí Dókítà Urioste tó rántí pé ó yẹ kí òun wo ẹnu rẹ̀. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti fẹ́ gé awọ tí wọ́n máa fi tún ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ṣe.

Ọdún mẹ́ta rèé tí igi yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ihò kùsà ní ìlú Potosí, tó fi abẹ́ já lé irin. Àpá ibẹ̀ dí ọ̀nà ìtọ̀ pa. Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n fi irin là á, ìgbà mẹ́fà ló tún dí, ni wọ́n bá dá ikùn rẹ̀ lu, wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́. Àpò ìtọ̀ ló ń so mọ́ itan kiri. Ọkùnrin tó ń fọ́ àpáta!

"Ya ẹnu." Dókítà, ọmọ àná òde yìí, tan iná sí i. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì yìí ti funfun, ó ti yi. Kókà! Ẹ̀yin awakùsà ò ní fi ewé yẹn sílẹ̀ láé. Ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀, iṣẹ́ ò ṣeé ṣe."

Fortunato di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Ta ni kì í jẹ kókà, ewé tó ń lé ebi àti àárẹ̀, nísàlẹ̀ ilẹ̀, níbi tí kò sí oúnjẹ, tí kò sí oòrùn? Nọ́ọ̀sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Fortunato gbá ọwọ́ nọ́ọ̀sì dànù.

"Mi ò sọ̀kalẹ̀!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Màá bínú! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mélòó ló wà lẹ́nu èèyàn? Òsì nìkan ni mò ń kó kókà sí, òsì náà ni bàbá mi ń kó o sí kó tó kú. Ẹni tó ń sunkún pàápàá ṣì ń ríran, Dókítà. Ìwọ tó tan iná, kí lo rí?"

Ó fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún sẹ́yìn. Dókítà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà pupa, ó ń dán, kò lábàwọ́n kankan.

"Ẹ fún un lábẹ́rẹ́ oorun," ló sọ fún nọ́ọ̀sì. Kò bẹ̀bẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n yọ rọ́bà. Fortunato dúró nílé ìtọ̀ ilé ìwòsàn, ìtọ̀ sì ń ṣọ̀rọ̀ jáde. Saturnina, ìyàwó rẹ̀, gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, ó pariwo ayọ̀.

"Ó ti tọ̀ o! Bàbá Benita, ẹ̀yin náà ẹ yọ̀ ná! Ẹkún kí lẹ wá ń sun?"

Fortunato fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ìbínú ló ń pa á lẹ́kún. Ó ń ronú àwọn awakùsà tí wọ́n ti gbé kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n so àpò mọ́ itan padà lọ sílé, tí wọn ò mọ̀ pé èèyàn lè kọ̀.